Ohun Tó Fa Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété Sílẹ̀

Nígbà láéláé, ẹnu òkété kéré, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ eyín rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Bó bá fi ẹyọ ẹ̀pà kan sẹ́nu, ẹni tó dúró lókèèrè á mọ ibi tí ẹ̀pà náà wà. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó jókòó jẹ́ẹ́, kó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tán kó tó máa jiyàn.

Ní ayé ìgbà náà, àwọn ẹranko Igbó Agbáàrín kì í dá oúnjẹ tọ́jú. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, olúkúlùkù á kó ohun tó bá rí wá. Ẹni tó rí ọkà bàbà á kó ọkà bàbà, ẹni tó rí ẹ̀pà á kó ẹ̀pà, ẹni tó rí ekùrọ́ á kó ekùrọ́. Inú àká kan ṣoṣo ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Igi ni wọ́n tò ṣe ògiri àká náà, imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, àárín ìlú ló sì wà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni gbogbo wọn ń jẹ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, títí òjò yóò fi tún rọ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń yàn láti máa wọ inú àká. Òun ló ń bu oúnjẹ, òun ló sì ń pín in lẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n ní àṣà kan. Bí ẹni náà bá pín oúnjẹ tán, á dúró níwájú Ẹfọ̀n, olórí ìlú. Á la ẹnu gbàgà, á sì gbé ahọ́n sókè. Gbogbo ìlú á na ọrùn, wọ́n á wò ó. Bí wọn kò bá rí nǹkan kan lábẹ́ ahọ́n rẹ̀, wọ́n á pariwo pé, "Ó mọ́!" Onítọ̀hún á pa ẹnu rẹ̀ dé, á máa lọ sílé rẹ̀.

Ó wá di ọdún kan tí òjò tètè lọ. Odò fà sẹ́yìn. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ nígbà tí kò yẹ kó tíì jábọ́. Ẹ̀rù ba gbogbo ẹranko, wọ́n sì péjọ láti yan ẹni tí yóò máa tọ́jú àká.

Ìjímèrè jáde, ó ní kí wọ́n yan òun. Wọ́n wo ọwọ́ rẹ̀, bó ti gùn tó, wọ́n mi orí. Ìmàdò náà jáde. Wọ́n wo ikùn rẹ̀, wọ́n mi orí.

Òkété kò jáde ní tirẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó ń ha ara rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́, ẹni tí kò lè dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ló nawọ́ sí i.

"Ẹ wo ẹnu ẹni yìí!" ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. "Bó tilẹ̀ fẹ́ jí nǹkan, ibo ló máa fi sí?"

Gbogbo ìlú bú sẹ́rìn-ín. Òkété fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀kẹ́rẹ́ fò sílẹ̀, ó tò sẹ́yìn rẹ̀. Òòrẹ̀ tò lé Ọ̀kẹ́rẹ́, Àparò tò lé Òòrẹ̀, àwọn ìyókù sì tò lé wọn. Báyìí ni wọ́n ṣe yàn án.

Òótọ́ kan wà tí mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà lẹ́nu mi: Òkété kò burú nígbà náà. Lẹ́yìn gbogbo èèyàn ló ń bu tirẹ̀, ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ ìyàngbò ló ń kù fún un. Ó ń gbé oúnjẹ lọ bá àwọn tí kò lè rìn. Láràárọ̀ ló ń la ẹnu, wọ́n á sì pariwo pé, "Ó mọ́!" Lóòótọ́ ló sì mọ́.

Àparò wà nílùú náà, ó ní ẹyin márùn-ún nínú koríko. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà yìí, oúnjẹ tán nínú àká kí òjò tó dé, gbogbo ọmọ tó pa lọ́dún náà ló sì kú mọ́ ọn lábẹ́ ìyẹ́. Kò tíì gbàgbé. Bó bá jókòó lórí ẹyin rẹ̀, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára àká. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni àwọn ọmọ yìí yóò jáde. Bí kò bá sí ọkà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ni yóò fún wọn jẹ?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn yòókù sùn sábẹ́ igi, Àparò lọ bá Òkété lẹ́nu ọ̀nà àká.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Òo, Ìyá Ẹlẹ́yin! Ẹyin ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Ìdí ẹyin náà ni mo ṣe wá." Ó wo ẹ̀yìn, ó sún mọ́ ọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọkà díẹ̀ pamọ́, títí àwọn ọmọ yóò fi jáde."

"Pamọ́ síbo? Ṣé o kò sí níbẹ̀ nígbà tí mò ń la ẹnu ni?"

"Ẹ fi há ẹ̀rẹ̀kẹ́. Abẹ́ ahọ́n ni wọ́n ń wò. Wọn kì í wo ẹ̀rẹ̀kẹ́."

Òkété mi orí. "Àparò, èyí kò dáa."

"Ṣé olè ni? Ṣé èmi kọ́ ni mo ṣa ọkà wá bí àwọn tó kù ni? Nínú tèmi náà ni mo ní kẹ́ ẹ bù." Omi ń jáde lójú rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

Òkété rántí àwọn ọmọ tó kú lọ́dún méjì sẹ́yìn, torí òun náà wà lára àwọn tó bá a gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sin wọ́n sí. Ó wọ inú àká. Ó bu ọkà bàbà díẹ̀, ó tì í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró níwájú Ẹfọ̀n. Ó la ẹnu, ó gbé ahọ́n sókè. Wọ́n na ọrùn, wọ́n wò ó.

"Ó mọ́!"

Òkété pa ẹnu dé. Ẹ̀rù tó ti ń bà á láti àná fò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yà á lẹ́nu. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé, "Ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí?"

Orí igi tó ṣíji bo àká ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbé. Bó ti ń di ọ̀sán, ó ti sọ̀ kalẹ̀.

"Mo rí yín o," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí.

"Kí lo rí?"

"Mo rí ohun tí mo rí. Àti ẹ̀yin àti Ìyá Ẹlẹ́yin." Ó tẹ́ ìrù rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó lé e. "Ẹ má fòyà, mi ò ní sọ. Ṣùgbọ́n ta ló nawọ́ sí yín lọ́jọ́ yẹn? Ta ló kọ́kọ́ tò sẹ́yìn yín? Ṣé Àparò ni?"

"Ìwọ ni."

"Ẹ wá bá mi fi ekùrọ́ mẹ́ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ló wú, wọ́n á fura sí yín. Mo tilẹ̀ ń ràn yín lọ́wọ́ ni."

Òkété fi ekùrọ́ mẹ́ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún.

Lọ́jọ́ kejì, Òòrẹ̀ dé. Ó ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn àna òun máa ń wá kí òun, ojú kò sì gbọ́dọ̀ ti òun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ẹtu dé, ó ní àárẹ̀ ń ṣe òun. Ìmàdò dé, kò sọ ìdí kankan, ó ṣáà ní ohun tí wọ́n ṣe fún Òòrẹ̀ ni kí wọ́n ṣe fún òun.

Ní ọjọ́ kan, Ẹfọ̀n fúnra rẹ̀ dé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wúkọ́.

"Kì í ṣe tèmi o," ni Ẹfọ̀n wí. "Ọ̀rẹ́ mi kan ló rán mi."

"Ọ̀rẹ́ yín wo, Bàbá?"

"O kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀wà ni ó fẹ́. Má fi sílẹ̀ pẹ́ kó má baà rin."

Bí wọ́n ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ kẹ́yìn: "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ o."

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété bẹ̀rẹ̀ sí í na. Ó ń dùn ún. Kò rí oorun sùn mọ́, torí bó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ekùrọ́ á gún un. Bó bá sì ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ń jáde bí ohùn ẹni tó wà nínú ìkòkò.

"Ṣé eyín ń dùn yín ni?" ni àwọn tí kò mọ̀ ń bi í.

"Ùn-hùn," ni Òkété ń dáhùn.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn mọ̀. Ní àárọ̀, bó bá ti fẹ́ la ẹnu, wọn kì í na ọrùn mọ́. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Olúkúlùkù ń bẹ̀rù pé ẹyọ kan lè yọ̀ já bọ́, kó sì jẹ́ tòun. Ẹfọ̀n kì í tilẹ̀ jẹ́ kó la ẹnu tán kó tó pariwo pé, "Ó mọ́, ó mọ́, ó ti mọ́!"

Àparò ń wò. Inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ní ọkà díẹ̀ níbẹ̀, ọmọ òun kò ní kú.

Ní ọjọ́ ìpàdé ìlú, Ọ̀kẹ́rẹ́ dìde.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọmọdé, nǹkan kan ń dùn mí," ló wí. "Ẹni tó ń bọ́ wa nìyí. Ẹ wo bó ṣe wá níyì tó, ẹ wo bí ojú rẹ̀ ṣe kún. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ la ó máa mú dúró bí ọmọdé tó jí ẹran lóbẹ̀, tí a ó ní kó la ẹnu? Níbo ni wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀? Ẹ jẹ́ ká fi í joyè Bàbá Àká. Bàbá kì í sì í la ẹnu fún ọmọ."

"Òtítọ́ ọ̀rọ̀!" ni Ìmàdò kígbe.

"Ọ̀wọ̀ ni, ọ̀wọ̀ ni," ni Òòrẹ̀ ń wí, tó ń mi ẹ̀gún ara rẹ̀ ṣàràṣàrà.

Ẹfọ̀n kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. "Bí gbogbo ilé bá gbà, kó di òfin."

Ó wo gbogbo wọn yíká. Nígbà tí ojú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Àparò, ó dúró díẹ̀. Àparò rántí ẹyin rẹ̀. Ó tẹ orí ba. "Mo gbà," ló wí.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ń pè é ní Òkété mọ́. "Bàbá Àká, ẹ káàárọ̀" ni wọ́n ń kí i. Wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń kúnlẹ̀. Kò sì la ẹnu mọ́.

Ní ọjọ́ kìíní tí kò la ẹnu, Òkété jókòó nínú àká fún ìgbà pípẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, "Ti Àparò nìyí. Ti Ọ̀kẹ́rẹ́ nìyí. Ti Bàbá Ẹfọ̀n nìyí. Èmi tí mò ń ru gbogbo ẹ̀, èmi tí mi ò lè sùn, tèmi dà?"

Ó bu ẹ̀pà kan, ó tì í wọlé. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó ń bọ̀. Ó bu òmíràn.

Láìpẹ́, ìpín tó ń jáde lẹ́nu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Ẹni tó ń gba ọkà tó kún ewé wá ń gba ìdajì. Lẹ́yìn náà, ìyàngbò wọ inú rẹ̀. Wọ́n bi Bàbá Àká, ó ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí ló le. Àwọn tó ní nǹkan pamọ́ ń wo ara wọn, wọ́n ń dákẹ́. Kálukú rò pé bó bá le jù, òun á lọ gba tòun. Àwọn tí kò ní nǹkan pamọ́ kò pọ̀, àwọn ẹranko kéékèèké ni, kò sì sí ẹni tó ń fetí sí wọn.

Ògiri àká ní ihò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Àparò máa ń yọjú níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bó bá fojú síbẹ̀, ọkà ló ń rí. Nígbà tó yá, ó ní láti tẹ orí sísàlẹ̀ kó tó rí i. Ní ọjọ́ kan, ó yọjú, ó sì rí ilẹ̀ lásán.

Ó sáré padà sórí ẹyin. Ó gbé etí lé wọn. Nínú ọ̀kan, nǹkan kan ń ṣe kọ̀, kọ̀, kọ̀. Ọmọ náà ti ń kan ilẹ̀kùn.

Àparò dìde, ó lọ bá Bàbá Àká.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ ti pé. Ẹ fún mi ní ọkà mi."

Òkété ń jẹ nǹkan lẹ́nu. Ó wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. "Ọkà wo?"

"Èyí tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Èmi ni mo kọ́kọ́ wá."

"Ṣé o fi nǹkan pamọ́ sí mi lẹ́nu ni? Èmi, Bàbá Àká?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì mì. "Bó bá dá ọ lójú, lọ sọ ọ́ níwájú ìlú pé o fi oúnjẹ ìlú pamọ́. Màá dúró dè ọ́."

Àparò padà. Ó rìn yí àwọn ẹyin rẹ̀ ká. Bó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á pè é ní olè. Bí kò bá sọ̀rọ̀, àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn yìí á jáde wá bá ebi. Ó tún gbé etí lé ẹyin. Ó ti di méjì tó ń ṣe kọ̀, kọ̀, kọ̀.

Ó lọ sójúde Ẹfọ̀n, ó sì kígbe títí gbogbo ìlú fi péjọ.

"Kí ló dé?" ni Ẹfọ̀n bi í.

"Mo fẹ́ kí Bàbá Àká la ẹnu."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ fọhùn.

"Ẹ gbọ́ aláìlójútì! Ta ló fún ọ lẹ́nu tó o fi ń ní kí bàbá la tirẹ̀?"

"Ọ̀kẹ́rẹ́, mo mọ ohun tó wà níbẹ̀, torí tèmi wà níbẹ̀," ni Àparò wí. "Èmi ni mo kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ bó ṣe máa fi í há ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo jẹ̀bi, ẹ fi ìyà tó bá tọ́ jẹ mí tó bá yá. Ṣùgbọ́n àká ti ṣófo. Mo fi ojú mi rí ilẹ̀ lásán. Ẹni tí tirẹ̀ náà bá wà níbẹ̀, kó jọ̀ọ́, kó sọ ọ́, ká lè jọ kó gbogbo rẹ̀ jáde, ká tún un pín."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Òkété. Òkété kò yára. Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó nu ẹnu.

"Ó dáa," ló wí. "Màá la ẹnu. Màá tu gbogbo rẹ̀ jáde níbí yìí, lójú oòrùn. Ṣùgbọ́n bí ìkọ̀ọ̀kan bá ti ń jáde, màá máa dárúkọ ẹni tó ni ín, àti ohun tó wí fún mi lọ́jọ́ tó wá. Bàbá Ẹfọ̀n, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àgbà ni, àbí láti orí ọmọdé?"

Ẹfọ̀n wo pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀. Òòrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ha ara. Ẹtu ti ń fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ nígbà náà, tí wọ́n ní "Tèmi náà wà níbẹ̀," ìtàn yìí ì bá parí síbẹ̀, oúnjẹ ì bá sì tó wọn títí òjò yóò fi dé. Òkété kan ṣoṣo ni, wọ́n sì pọ̀.

Ṣùgbọ́n Ọ̀kẹ́rẹ́ fò sókè. "Ẹ má wulẹ̀ la ẹnu, Bàbá! Olè ti jẹ́wọ́! Ṣé ẹ kò gbọ́ ọ ni? Ó ní òun ni! Àparò ló jí oúnjẹ wa!"

"Àparò ni!" ni Ìmàdò kígbe.

"Àparò ni!" ni gbogbo wọn gbà á, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

Wọ́n dà bò ó. Ẹni tó bá rí ìyẹ́ á fa ìyẹ́. Ìrù Àparò gùn nígbà náà, ó sì dára lójú, wọ́n fà á tu títí ó fi ku kúkúrú. Eruku sọ lálá. Àparò yí gbirigbiri, ó bọ́ sáàárín ẹsẹ̀ wọn, ó já wọ inú koríko.

Nígbà tí eruku sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wò yíká. Kò sí Òkété níbẹ̀ mọ́.

Wọ́n sáré lọ sí àká. Ìyàngbò nìkan ló wà nílẹ̀. Lẹ́yìn àká, wọ́n rí erùpẹ̀ tútù àti ihò tuntun tó wọlẹ̀ lọ.

"Ẹ jẹ́ ká hú u jáde!" ni wọ́n wí. Ẹfọ̀n bọ́ síwájú, ó tẹ orí sí ẹnu ihò, ó sì fi ohùn olórí ìlú pè é.

"Òkété! Jáde síta, wá jẹ́jọ́!"

"Ta nìyẹn?" ni ohùn kan dáhùn láti ìsàlẹ̀.

"Èmi Ẹfọ̀n ni!"

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Ẹ̀wà ọ̀rẹ́ yín yẹn ńkọ́? Ṣé kí n máa gbé e bọ̀?"

Ẹfọ̀n gbé orí kúrò. Ó wúkọ́. Ó rántí pé òun ní ibì kan tí òun ń lọ.

Òòrẹ̀ bọ́ síwájú. Ohùn náà bi í nípa àwọn àna rẹ̀. Òòrẹ̀ lọ. Ìmàdò bọ́ síwájú, ó lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ kò tilẹ̀ dé ẹnu ihò, orí igi ló gbà lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n lọ, títí kò fi ku ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bí kò ṣe àwọn ẹranko kéékèèké tí kò ní nǹkan pamọ́. Àwọn yẹn jókòó ti ihò náà fún ọjọ́ méjì. Wọn kò mọ̀ pé Òkété ti la ẹnu ọ̀nà mìíràn sí ìsàlẹ̀ odò, ibẹ̀ ló sì ń gbà jáde.

Nínú koríko, Àparò tó ti di aláìnírù padà bá ẹyin rẹ̀. Àwọn ẹyin náà ti pa. Àwọn ọmọ márùn-ún ń gbọ̀n, ìyẹ́ ara wọn ṣì tutù, wọ́n ya ẹnu sókè.

Kò ní ohun kan tó lè fi sí àwọn ẹnu náà. Àká kò sí mọ́. Ó tẹjú mọ́ wọn. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi wọ́n sílẹ̀ lọ wá oúnjẹ, kí òun tó dé, àwọn ẹranko tí ebi ń pa á ti débẹ̀. Bí òun bá sì jókòó tì wọ́n, wọ́n á kú lábẹ́ ìyẹ́ òun bíi tàwọn ti ìjọ́sí.

"Ẹ dìde," ló wí fún wọn. "Mo mọ̀ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ẹ dìde, a ń lọ."

Èkíní dìde, ó ṣubú, ó tún dìde. Èkejì dìde. Àparò ń fi ẹnu tì wọ́n lẹ́yìn, ó ń bẹ̀ wọ́n. Mẹ́rin dìde. Ẹ̀karùn-ún gbìyànjú, ó na ẹsẹ̀, kò sì lè dìde. Àparò dúró tì í títí ìyẹ́ àwọn tó kù fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ló yí ẹ̀yìn padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tú ilẹ̀, àwọn mẹ́rin sì ń ṣa ikán lẹ́yìn rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe rìn, tí wọ́n ń tú ilẹ̀, tí wọ́n ń ṣa ikán, títí òjò fi rọ̀.

Àwọn ẹranko yòókù túká. Àwọn kan kú, àwọn kan kọjá odò. Wọn kò kọ́ àká mìíràn mọ́, torí kò sí ẹni tí wọ́n lè fi sínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkété ti fà sílẹ̀ bí àpò, tó sì ń kó oúnjẹ sí i wọnú ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ihò rẹ̀ ti ní ju ẹnu ọ̀nà kan lọ, tó jẹ́ pé bí a bá dúró ti ọ̀kan, yóò gba ìkejì jáde. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ àparò ti ń rìn lọ́jọ́ tó bá jáde nínú ẹyin, tí kì í jókòó sínú ìtẹ́ kó máa dúró de ẹnikẹ́ni.

Àparò fúnra rẹ̀ kò ní ìrù gígùn mọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì wà. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ẹ lọ sétí oko, ẹ óò gbọ́ ọ tó ń ké pé: "Tèmi wà níbẹ̀! Tèmi wà níbẹ̀! Tìrẹ ńkọ́?"

Àwọn àparò bíi tirẹ̀ nìkan ló ń dá a lóhùn láti oko kejì. Àwọn ẹranko yòókù á dúró, wọ́n á gbọ́ ọ, wọ́n á wo ilẹ̀, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ. Òkété náà ń gbọ́ ọ nísàlẹ̀. Á tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa bóyá ohùn ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Bí kò bá gbọ́ ọ, á rọra yí ẹ̀gbẹ́ padà, á máa jẹun rẹ̀ nìṣó.